Orúkọ Tí Dọ́káàsì Ò Fẹ́ Gbọ́ Mọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn òbí ìwòyí ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ, ẹ má bi pásítọ̀, ẹ má bi ààfáà. Ẹ lọ sí Challenge, kí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù Dọ́káàsì tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Òun ló ní ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ orúkọ sára súwẹ́tà àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ orúkọ ti ń bí i nínú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ ọmọ kì í ju ojú àpò àyà lọ. Bọ́lá, Tóyìn, Rẹ̀mí, ó ti parí. Ní báyìí, ìyá ọmọ á wọlé pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú, á ní ọmọ òun ń jẹ́ Olúwaṣemílọ́ṣọ̀ọ́lójúgbogboayé, kí wọ́n jọ̀ọ́ má gé e kúrú.

"Níbo ni kí n gbà kọ ọ́?" Dọ́káàsì á bi í. "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti àyà, kí n yí i gba ẹ̀yìn, kí n wá parí rẹ̀ sí apá?"

Ìyá ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní yọ lẹ́tà kan ṣoṣo kúrò. Bàbá kan wà ní Ring Road tó sọ àwọn ìbejì rẹ̀ ní Visa àti Passport torí pé Kánádà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Dọ́káàsì ló kọ ọ́ sára súwẹ́tà àwọn méjèèjì, títí di àárọ̀ yìí, bàbá àti ìbejì ṣì wà ní Ring Road.

Kò sẹ́ni tó ń bi òun fúnra rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fẹ́ ẹ. Dọ́káàsì ni wọ́n kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, òun ló wà lára káàdì ìdìbò, òun náà ni ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ ní Àpáta mọ̀ ọ́n sí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mú un nínú Bíbélì lọ́dún tó ṣe ìrìbọmi, torí pé Dọ́káàsì inú Bíbélì náà ránṣọ jẹun. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìgbòho, ó ti fi sílẹ̀ sí Ìgbòho, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Fọláyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Dọ́káàsì bí, bí ọmọbìnrin tirẹ̀. Adégbénró ọkọ Fọláyọ̀, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ilé-ìfowópamọ́ kan ní Dugbe, yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó fa ìbora ọmọ kan yọ nínú báàgì. Funfun ni, ó rí múlọ́múlọ́.

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Special request la bá wá. A fẹ́ kí ẹ bá wa kọ orúkọ bébì sí i lára. Ẹ̀yin fúnra yín."

"Orúkọ wo? Ṣé ọjọ́ kẹjọ ti pé ni?"

"Mo mọ̀ pé kò yẹ ká máa pè é kiri kí wọ́n tó kó o jáde, Mọ́mì. Ẹ̀yin nìkan la sọ fún, torí pé tiyín ni." Ó rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn. "Kásìmáawòó."

Dọ́káàsì di etí tábìlì mú, ó ṣe bí ẹni tó ń wá sísọ́ọ̀sì.

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Ṣebí ọjọ́ ìdána wa ni. Ìyá Ojoo ń gbàdúrà, wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni orúkọ yẹn ti dì mọ́ mi lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ mọ́, Mọ́mì! Mo ti wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kíláàsì yòówù tí ọmọ yìí bá wọ̀, kò ní bá ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó tún jẹ́ ti ìyá àgbà rẹ̀. Orúkọ tó ní class nìyẹn."

"Ẹ̀rọ ti bàjẹ́," Dọ́káàsì wí.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo, ó ń kọ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn sára aṣọ. Adégbénró wo ẹ̀rọ, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀, kò sì jiyàn, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó ká ìbora rẹ̀. Ó ní kí Mọ́mì má dààmú, òun mọ ẹnì kan ní Dugbe tó máa bá àwọn ṣe é. Bó ṣe jáde tán, Dọ́káàsì pa ẹ̀rọ, ó tàn án, ó tún pa á. Ó jáde síta, ó wo títì bí ẹni tó ń retí ẹnì kan, ó sì wọlé padà.

Kásìmáawòó: ká ṣáà máa wò ó, bóyá ó máa dúró, bóyá ó máa lọ. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé orúkọ àbíkú ni. Àwọn ọmọ kan ti wá ṣáájú Dọ́káàsì tí wọn ò dúró. Kò sẹ́ni tó sọ iye wọn fún un, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn létí rẹ̀, torí wọ́n ní èèwọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ó ń fún un lóúnjẹ, bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, á wá ewé, á wá oògùn. Ṣùgbọ́n kò ra aṣọ tuntun fún un rí. Aṣọ tí ọmọ aládùúgbò ti wọ̀ gbó ló ń wọ̀ dàgbà. Kérésì ọdún kan tí ayàwòrán wá sí ìlú, wọ́n ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí wọ́n má bàa ní fọ́tò tí yóò máa bà wọ́n nínú jẹ́ lọ́la. Ó ti gúnpá gan-an kí wọ́n tó mú un lọ sílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ kì í pọ̀n ọ́n lọ sójà, kì í sì í kì í ní oríkì bí àwọn ìyá yòókù ti ń ṣe. Á kàn jókòó síwájú rẹ̀ ni, á máa wò ó. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n lára pé bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra ni wọ́n ń wo òun.

Ibẹ̀ ni àìlèjókòó ti wọ̀ ọ́ lára. Bí wọ́n bá ti tẹjú mọ́ ọn, á dìde, á gbálẹ̀, á pọnmi, á lọ ṣa igi, kí wọ́n lè rí i pé òun wà. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán n'Ìbàdàn, ó fẹ́ ọkọ, ó sin ọkọ, ó dá tọ́ ọmọ rẹ̀ yanjú, ó lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ ìdúró ló fi ń jẹun. Àwọn oníbàárà rò pé aápọn ló pọ̀ lára rẹ̀.

Látọjọ́ tí Adégbénró ti wá, ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́ rárá. Láràárọ̀, ó ń wọ ọkọ̀ máíkírà láti ilé rẹ̀ ní Àpáta gba Dugbe àti Mókọ́lá lọ sí Bódìjà láti wẹ ọmọ. Nínú ọkọ̀, á máa to ọ̀rọ̀ tó máa bá Fọláyọ̀ sọ. Á tò ó tán ní Dugbe, á tú u ní Mókọ́lá, nígbà tó bá fi máa dé Bódìjà, kò ní ku ẹyọ kan lẹ́nu rẹ̀. Kí ló fẹ́ wí? Ṣé kó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìyá òun ò gbé òun? Á gbé omi kaná, á pa iná, á tún un tàn. "Àlejò pàtàkì, ẹ káàárọ̀," ni yóò máa kí ọmọ náà bó ṣe ń fi kànìnkànìn fọ orí rẹ̀, torí pé ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, àlejò là ń pè é.

Fọláyọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá wẹ ọmọ tán, á fún un lọ́mú, á dá a padà sínú ibùsùn rẹ̀ kékeré, á wá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Dọ́káàsì rò pé ìnira ìrọbí ni kò tíì tán lára rẹ̀. Ó tún ṣàkíyèsí pé gbogbo aṣọ ọmọ tó wà nílé, èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ ni. Ó ní ọ̀wọ́n ọjà ni, kò sì bèèrè.

Lọ́jọ́ kan, ó gbìyànjú lọ́dọ̀ Adégbénró ní kíṣìnnì.

"Ọkọ mi, ṣé kò sí orúkọ mìíràn ni? Orúkọ yẹn ti gbó."

"Ọ̀tun ló tún padà dà, Mọ́mì! Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ sọ tiẹ̀ ní Àbẹ̀bí, gbogbo ayé ló ń kí i."

"Àbẹ̀bí kọ́ ni mò ń wí. Orúkọ àbíkú ni mò ń wí."

"Há, Mọ́mì. Kò sóhun tó ń jẹ́ àbíkú. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà ò mọ̀. Èmi àti Fọláyọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò jẹnotáìpù ká tó fẹ́ra wa, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Orúkọ lásán ló kù, ó sì rẹwà."

Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún un pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí Dọ́káàsì fi fẹ́ fi ìgbakọ nà án. Kì í ṣe pé ó purọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló tọ̀nà, kò kàn sí èyí tó kan ọmọ tí wọ́n yọ kúrò nínú fọ́tò.

Bí ọjọ́ ìkómọ ṣe ń sún mọ́lé, Dọ́káàsì ti ṣọ́ọ̀bù pa láàárín ọ̀sán, ó forí lé Ojoo. Nínú ọkọ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún: Adégbénró ti fi àwòrán ìbora ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Wọ́n ti kọ orúkọ náà sí i lára gàdàgbà, òwú aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lò. Òwú ọ̀hún ò tilẹ̀ tẹ́. Dọ́káàsì pa fóònù, ó ní kí dẹ́rẹ́bà sáré díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ti dí gbogbo iwájú wọn pa.

Ìyá Ojoo, tí wọ́n ń jẹ́ Àyọ̀ká, ni àbúrò ìyá Dọ́káàsì. Wọ́n ti dàgbà kọjá kí wọ́n máa jáde, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé pérépéré. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Kásì! Ìwọ nìyẹn? Jókòó."

"Mi ò jókòó, mà. Iṣẹ́ kan ni mo wá bẹ̀ yín." Ìdúró ló wà tó fi ròyìn gbogbo rẹ̀. "Ẹ̀yin làgbà ilé wa tó kù. Ẹ bá mi pe Fọláyọ̀. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn."

"Kí ló dé tí ìwọ ò lè sọ ọ́?"

"Kí ni kí n sọ? Pé ìyá mi ò fẹ́ràn mi?"

Ìyá Ojoo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ṣé ó dìgbà tí ẹnì kan bá sọ ọ́ ni?" Omi ti ń rọ́ sí Dọ́káàsì lójú, inú sì ń bí i sí omi náà. "Ẹ sọ fún mi ná, mà. Ká ní ọkàn wọn balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ni wọn ì bá sọ mí?"

Màmá náà nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró.

"Kò sí," wọ́n wí. "Orúkọ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́, Jẹ́jẹ́lọlá ló sọ ọ́, inú oyún ló ti ń ro orúkọ yẹn. Èyí tó tẹ̀lé e, Fadékẹ́mi. Ó tún sọ ọ̀kan ní Ọláṣùmbọ̀, ìyẹn ti ń rìn kó tó lọ. Gbogbo orúkọ tó dùn lẹ́nu rẹ̀ ló kó fún wọn, wọ́n sì kó o lọ. Nígbà tí ìwọ dé, wọ́n bi í, ó kọjú sí ògiri, ó ní òun ò ní ọ̀kankan mọ́. Bàbá rẹ ló ní ká ṣáà máa wò ó."

Dọ́káàsì ò mọ ìgbà tó jókòó sórí àpótí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò mọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ́. Ó pè wọ́n wúyẹ́wúyẹ́ sábẹ́ ahọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo rí ìyá rẹ tó nawọ́ sí ọ láìmọye ìgbà," Ìyá Ojoo wí, "á tún fa ọwọ́ padà. Ẹ̀rù ni. Má rán mi níṣẹ́ yìí, Kásì. Ọmọ rẹ ni, lọ bá a sọ ọ́."

Àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ ni Dọ́káàsì tó rí i sọ, ìyẹn náà ò rọrùn. Àga oníke ti kún pálọ̀ ní Bódìjà. Oyin, iyọ̀, omi tútù àti àwọn nǹkan àdúrà yòókù ti wà lórí tábìlì. Pásítọ̀ ti dé ṣáájú àwọn àlejò, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Adégbénró ń lọ sókè sódò nínú agbádá tuntun, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n máa gbọ́ orúkọ kan lónìí. Dọ́káàsì wẹ ọmọ tán, ó tẹ́ ẹ sínú ibùsùn rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ òun àti Fọláyọ̀.

"Fọláyọ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ sọ ọmọ yìí lórúkọ mi."

Kò ya Fọláyọ̀ lẹ́nu. Ó ń de gèlè níwájú jígí, ó tú u sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn sí i, Mọ́mì. Adégbénró ní ẹ̀rọ yín bàjẹ́. Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́ rí látìgbà tí mo ti gbọ́njú."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe tú jáde lẹ́nu Dọ́káàsì nìyẹn, kò tò ó, kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ó sọ ti aṣọ àlòkù, ó sọ ti fọ́tò, ó sọ bí wọ́n ṣe ń jókòó wo òun. Ó sọ pé títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá tẹjú mọ́ òun, ẹsẹ̀ òun á máa yún òun láti dìde. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ọmọ yìí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè sọ ọ́ ní Visa bó bá wù yín."

Ó rò pé Fọláyọ̀ á rẹ́rìn-ín. Ẹkún ni ọmọ náà bú sí, ó fi gèlè bo ẹnu kí àwọn ará pálọ̀ má bàa gbọ́.

"Kì í ṣe fáàrí ló mú mi gbà, Mọ́mì. Adégbénró lọ̀rọ̀ fáàrí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Oyún ti bàjẹ́ lára mi lẹ́ẹ̀mejì kí èyí tó dé. A ò sọ fún yín, a ò fẹ́ kí ẹ máa ronú. Nígbà tó dárúkọ yín, mo ní, ẹ̀yin rèé, wọ́n ní ká máa wò yín, ẹ sì wà níbí. Ẹ dúró. Mo fẹ́ kí òun náà dúró."

Dọ́káàsì wo yàrá yíká, ojú rẹ̀ wá là. Kì í ṣe ọ̀wọ́n ọjà ni wọn ò ṣe ra aṣọ. Kì í ṣe ìnira ìrọbí ni ọmọ fi ń gbé inú ibùsùn kékeré láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ìyá rẹ̀ á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí á máa wò ó.

"Ìgbà wo lo gbé e kẹ́yìn," ó bi í, "tí kì í ṣe torí ọmú?"

Fọláyọ̀ ń ká gèlè ọwọ́ rẹ̀.

"Fọláyọ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Bí mo bá gbé e, mi ò ní lè gbé e sílẹ̀ mọ́."

Inú bí Dọ́káàsì, àánú sì ṣe é débi tí kò fi mọ èyí tó máa kọ́kọ́ sọ. Ìyá rẹ̀ ló ń rí níwájú rẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ní kékeré, tó nawọ́, tó tún fa ọwọ́ padà. Ó ti bínú sí obìnrin yẹn fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìbínú náà wá ń yọ́ kúrò nínú rẹ̀, ó sì ń dùn ún bó ṣe ń lọ. Ó lọ síbi ibùsùn, ó gbé ọmọ náà, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kò bèèrè bóyá ó fẹ́.

"Ṣé orúkọ kan wà lọ́kàn rẹ tẹ́lẹ̀?"

"Ó wà." Ohùn Fọláyọ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. "Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Oyún àkọ́kọ́."

"Kí lo wá ń fi í ṣe?"

"Mò ń tọ́jú rẹ̀ de èyí tó bá máa dúró."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Dọ́káàsì fi ẹ̀yìn tì í.

"Pè é fún un."

"Tó bá wá lọ ńkọ́, Mọ́mì?"

Àdúrà ló kún pálọ̀ níta. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò ní dáhùn pé kò ní lọ láéláé, lórúkọ Jésù. Dọ́káàsì náà mọ̀ ọ́n sọ, kò kàn sọ ọ́ ni.

"Bó bá lọ, a ó sunkún, èmi àti ìwọ, a ò sì ní tètè dákẹ́. Ṣùgbọ́n yóò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó lọ."

Fọláyọ̀ tẹ orí ba. Ó gbé ètè lé irun ọmọ náà tí kò tíì gbẹ dáadáa.

"Ṣemílóore," ó wí. Ó mí kanlẹ̀, ó tún un pè. "Ṣemílóore mi."

Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn, ohùn Adégbénró ló tẹ̀lé e, ó ní pásítọ̀ sọ pé àkókò ti ń lọ, kí wọ́n gbé ọmọ jáde wá gba orúkọ. Dọ́káàsì nu ojú rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó sì fi ara dí àyè tó ṣí sílẹ̀.

"Ẹ ní kí pásítọ̀ ní sùúrù," ó wí. "Ìyá ọmọ ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ lọ́wọ́."